Wèrè Ìran: Ìtàn Ìbéèrè kan nípa Òbí Aláìsàn àti Ọmọ Rẹ̀

Láyé àtijọ́, kò sí ìdílé tó mọ iyì ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọkọ láìkọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Alárenà ni í gbé ọ̀rọ̀ láàrin ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin, ṣùgbọ́n ìwádìí gan-an, ọwọ́ àwọn àgbà ilé ló wà. Wọn a rán ẹni tó gbọ́n, tó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, lọ sí àdúgbò ìdílé kejì, kí ó lọ fi ọgbọ́n bèèrè ohun tí a kì í bèèrè ní gbangba. Ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìran wọn? Wárápá ń kọ́? Ǹjẹ́ wèrè ti mú ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí rí? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìyàwó tán nìyẹn. Wọn kì í sì í sábà sọ ìdí rẹ̀ síta. Wọn a ní Ifá kò fọre, tàbí pé ọmọ ni kò fẹ́, gbogbo ènìyàn a sì ṣe bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àṣà yìí kò ti inú ìkà wá. Ohun tí ojú àwọn àgbà ti rí ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n: wọ́n ti rí ilé tí bàbá ti sínwín, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tún sínwín nígbà tí ó dàgbà. Bí Yorùbá bá sì wí pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìmọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyè sí. Wọn kò gbà pé orísun kan ṣoṣo ni wèrè ní. Wọ́n ya wèrè àmútọ̀runwá sọ́tọ̀ kúrò lára wèrè ìran, wọ́n sì ya wèrè àfiṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn méjèèjì. Wọ́n tún mọ abísínwín, èyí tí í mú ìyá ọmọ lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, tí ó sì bá ọ̀pọ̀ babaláwo àti oníṣègùn jókòó, tẹ ohun tí ó kọ́ lọ́dọ̀ wọn jáde ní 1964. Ó rí i pé wọ́n ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ wo aláìsàn, pé ó sì ń mú ara ọ̀pọ̀ wọn rọlẹ̀. Ní ojú oníṣègùn, nígbà náà, ìran jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí í fa wèrè, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹni tí a rán lọ ṣe ìwádìí ìgbéyàwó ni kì í rántí ìyàtọ̀ yìí.

Ìbéèrè kan náà ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì gbé wọ ọ̀rúndún ogún, àmọ́ ìṣirò ni wọ́n fẹ́ fi dáhùn rẹ̀. Àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ ni èyí tí a wá ń pè ní schizophrenia, tí aláìsàn rẹ̀ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó ń fura sí ọ̀tá tí kò sí, tí èrò rẹ̀ sì ń tú ká. Ernst Rüdin, ní ìlú Munich, kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn náà àti ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn jọ, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1916. Òfin àjogúnbá tí Mendel rí lára irúgbìn ni ó fẹ́ fi wọn ènìyàn. Kò bá a mu. Iye àwọn ọmọ ìyá aláìsàn tí àrùn náà mú kéré jọjọ sí iye tí òfin náà ní kí ó jẹ́. Láàrin 1922 sí 1925 ó tún ṣe irú ìwádìí yìí lórí àrùn tí í gbé ènìyàn sókè nínú ayọ̀ àṣejù, tí í sì í tún rì í sínú ìbànújẹ́. Ìyẹn náà kò bá òfin Mendel mu. Rüdin kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú àkójọ ìwé àtijọ́ ni ó wà títí àwọn olùwádìí mìíràn fi gbé e síta ní 2015.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, a ó ní àṣìṣe ọ̀mọ̀wé kan ni. Kò mọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1933, ìjọba Hitler ṣe òfin pé kí a fi iṣẹ́-abẹ sọ ẹni tí ó bá ní àrùn ìran di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Àrùn ọpọlọ méjèèjì tí Rüdin ti kà wà nínú òfin náà, wárápá wà níbẹ̀, ìfọ́jú àti ìdití àjogúnbá náà wà níbẹ̀. Rüdin fúnra rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí ó kọ àlàyé òfin náà fún àwọn oníṣègùn àti àwọn adájọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìṣirò tí ó tako o wà nílé rẹ̀. Wọ́n dá ilé-ẹjọ́ pàtàkì sílẹ̀ tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ìran àwọn ènìyàn. Nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni wọ́n gbé gba abẹ́ ọ̀bẹ náà kí ogun tó parí. Nígbà tí ó di 1939 wọ́n kúrò lórí ọ̀bẹ, wọ́n bọ́ sórí ikú: àwọn aláìsàn tí ó lé ní 70,000 ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ olóró pa títí di oṣù kẹjọ 1941, nínú ètò kan ṣoṣo, a kò tíì ka àwọn tí wọ́n febi pa lẹ́yìn náà.

Àwọn àgbà tí í ṣe ìwádìí ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ọ̀yọ́ lè da ìgbéyàwó kan rú. Ọmọ tí wọ́n kọ̀ ní ilé yìí ṣì lè rí ọkọ ní ilé mìíràn. Kò sí ẹni tí ó fi òǹtẹ̀ ìjọba lu ìbẹ̀rù wọn.

Nígbà tí ogun parí, ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé láti máa dárúkọ ìran. Wọ́n sì sáré lọ sí apá kejì. Ní Amẹ́ríkà, Frieda Fromm-Reichmann, tí òun pẹ̀lú ti sá kúrò ní Jámánì lọ́wọ́ ìjọba Hitler, kọ ọ́ ní 1948 pé ìwà ìyá ni ó lè sọ ọmọ di aláìsàn: ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù sí ọmọ, síbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọmọ mí. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká bí iná ọyẹ́. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ń bá ẹ̀sùn pàdé ní ẹnu ọ̀nà. Ó ṣòro láti mọ èyí tí ó burú jù nínú kí a sọ fún ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ba ọmọ rẹ̀ jẹ́, àti kí a sọ fún un pé ìfẹ́ rẹ̀ ni.

Ìṣòro náà ni pé òbí kan náà tí í bí ọmọ ni í sábà tọ́ ọ. Bí ọmọ aláìsàn bá ṣàìsàn, ta ni yóò sọ bóyá láti inú ẹ̀jẹ̀ ni tàbí láti inú ilé? Leonard Heston, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà kan. Ó wá àwọn tí ìyá wọn bí láàrin 1915 sí 1945 nígbà tí ìyá náà wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba nítorí schizophrenia, tí a sì gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá láàrin ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, tí wọ́n dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó rí 47. Ó tún wá 50 tí a gbà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ lọ́wọ́ ìyá tí kò ní irú àìsàn yìí. Nígbà tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1966, gbogbo wọn ti dàgbà. Nínú àwọn 47, àrùn ìyá ti mú 5. Nínú àwọn 50, kò mú ẹnì kankan. Àwọn tí í fi gbogbo ẹ̀bi lé ìyá lórí kò rí èsì fọ̀: ìyá tí kò tọ́ ọmọ rẹ̀ rí kò lè fi ìwà tútù pa á lára.

Èyí ni apá ìwádìí Heston tí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ń tún sọ. Apá tí wọn kì í tún sọ ni ọ̀rọ̀ àwọn 42 yòókù. Òótọ́ ni pé ayé nira fún àwọn kan nínú wọn ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n 21 nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn sínwín wọ̀nyí kò ní ìṣòro tí a lè tọ́ka sí, Heston sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n yá mọ́ ènìyàn ju àwọn tí òun fi wọ́n wé lọ, pé ìtàn ayé wọn kún ju tiwọn lọ, pé iṣẹ́ àtinúdá pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin tàbí obìnrin tí àwọn àgbà ilé kò bá ti kọ̀ ni wọ́n.

Ní ọdún 1966 kan náà, Irving Gottesman àti James Shields tẹ ìwádìí wọn lórí ìbejì jáde láti ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù. Yorùbá tí ó mọ ìbejì ju gbogbo ayé lọ yóò tètè lóye ohun tí wọ́n ṣe. Nínú ìbejì 24 tí wọ́n jọra pátápátá, tí àrùn náà ti mú ọ̀kan nínú wọn, 10 péré ni ó ti mú èkejì pẹ̀lú. Nínú 33 tí wọn kò jọra bẹ́ẹ̀, 3 ni. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo bá lè yà síra nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà tí ó ju ìdajì lọ, ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni.

Láti Maudsley yìí náà ni ìwé kẹta ti jáde ní ọdún náà. Michael Rutter kì í ṣe ẹni tí í wá ìran. Àwọn ọmọ tí a mú wá sí ilé ìwòsàn náà nítorí ìṣòro ọkàn àti ìwà ni ó ń wò. Ó rí i pé òbí aláìsàn pọ̀ láàrin òbí wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó wá yẹ inú ilé wọn wò, orúkọ tí oníṣègùn fún àrùn òbí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tó ń pa ọmọ lára. Ìjà àárín bàbá àti ìyá ni, ìkanra tí òbí ń kó lé ọmọ lórí ni, pàápàá jù lọ bí ọmọ bá bọ́ sínú àìsàn náà gan-an: bí òbí bá ń fura sí i, tàbí tí ó ń fi ẹ̀rù tirẹ̀ dẹ́rù bà á lójoojúmọ́. Òbí lè ṣàìsàn gidigidi kí ọmọ má sì fara pa, bí ẹlòmíràn bá wà nílé tí ọmọ lè sá bá.

Lẹ́yìn ọdún náà, ohun tí ó kù ni sùúrù. Sarnoff Mednick àti Fini Schulsinger ti bẹ̀rẹ̀ ní Copenhagen láti 1962, wọ́n kó ọmọ 207 jọ tí ìyá wọn ní schizophrenia líle, pẹ̀lú 104 tí òbí wọn kò ṣàìsàn, nígbà tí kò tíì sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn kiri fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní ìkẹyìn, nǹkan bí 16 nínú 100 ni àrùn ìyá mú láàrin àwọn àkọ́kọ́, nǹkan bí 2 nínú 100 láàrin àwọn yòókù. Àwọn tí ó mú náà ní àmì kan tí kì í ṣe ti ìran: ìrọbí ìyá ọ̀pọ̀ nínú wọn ti le, a sì ti gbé ọ̀pọ̀ wọn sọ ilé ìtọ́jú ọmọ ìjọba ní kékeré. Ní Finland, Pekka Tienari ṣe bí ti Heston, ṣùgbọ́n ó tún wọ inú ilé àwọn tí ó gba ọmọ tọ́, ó jókòó tì wọ́n, ó wo bí wọ́n ti ń bá ara wọn lò. Àbájáde tí ó tẹ̀ ní 2004 ni pé ilé tí ìbágbé rẹ̀ kò dára ṣe ìpalára tó hàn fún ọmọ tí ìyá tí ó bí i ṣàìsàn, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ṣàìsàn. Ilé tí ó tòrò dáàbò bo ọmọ ìyá aláìsàn. Ohun tí ọmọ jogún, gẹ́gẹ́ bí èyí, ni ara tí ilé tètè ń ràn, ìbáà ṣe fún rere, ìbáà ṣe fún búburú.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ni ó dá wa padà sí Abẹ́òkúta. Kí ó tó di 1954, ìyapa ni ìtọ́jú wèrè ní ọwọ́ ìjọba amúnisìn: wọ́n ṣí ilé àsínwín Yábàá ní 1907, wọ́n sì ṣí ti Lántòro, tí ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, ní 1944 fún àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú. Ẹni tí ó wọ ibẹ̀ kúrò lójú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Ó fi àìtó yìí ṣe ọgbọ́n: ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí Arò ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ojúmọmọ, kí wọ́n sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Àdéhùn kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa bá a gbé. Lambo kò pilẹ̀ ètò yìí fún àwọn ọmọ aláìsàn. Síbẹ̀, ohun tí Rutter yóò wá kọ lẹ́yìn ọdún méjìlá ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀. Okùn ilé kò já. Ìbátan tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí àìsàn náà ti ń rọlẹ̀ ni yóò padà lọ ròyìn rẹ̀ nílé, dípò kí ilé máa fi àhesọ ro ó. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1948 ni Thomas Main ti ń gba ìyá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ papọ̀ sí ilé ìwòsàn Cassel, ohun tí àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà sí ìwà tuntun gbáà.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ìmọ̀ ti gùn sí i. Ìwádìí tí ó jáde ní 2014 tọ́ka sí ibi 108 nínú àjogúnbá ènìyàn tí ó ní ọwọ́ nínú schizophrenia. Èyí tí ó jáde ní 2022 tọ́ka sí 287. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré púpọ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì gbé díẹ̀ nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó fẹ́ fẹ́ ara wọn lónìí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá AA ni wọ́n tàbí AS, nítorí àrùn ẹ̀jẹ̀ tí í gbé ọmọ dé ojú ikú. Ìyẹn ní ìdáhùn tí ó ṣe kedere. Ti wèrè kò ní. Ìṣirò tó péye jù lọ wá láti Denmark ní 2010, níbi tí a ti yẹ àkọsílẹ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 2.7 wò. Níbi tí bàbá àti ìyá ti jọ ní schizophrenia, ó mú 27 nínú 100 ọmọ wọn kí wọ́n tó pé ọdún 52. Níbi tí ó ti jẹ́ ọ̀kan nínú òbí, ó mú 7. Níbi tí kò ti sí ìkankan, kò pé 1. Ẹni tí ó bá fẹ́ dẹ́rù bani yóò sọ pé 7 ju 1 lọ ní ìlọ́po púpọ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ. Àwọn 93 tí ó kù kò ní agbẹnusọ nínú ìwádìí ìgbéyàwó.

Ibi tí àṣà ìwádìí yìí ti ń ṣe ìpalára ní tòótọ́ kì í ṣe ìgbéyàwó tí ó dàrú. Ìpamọ́ ni. Ìdílé tí ó mọ̀ pé a ó wá bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò ni yóò ti ìyá aláìsàn mọ́ yàrá, tí yóò gbé e lọ sí ìlú òkèèrè, tí yóò ní ó rìnrìn àjò, kí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Wọ́n ń ṣe é nítorí àwọn ọmọ náà. Àwọn ọmọ náà ni ó sì ń gbé inú ilé tí àìsàn náà kò ti rí oògùn.

Myrna Weissman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2006 tí ó kan èyí ní tààrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdoríkodò ni àrùn tí wọ́n wò, kì í ṣe wèrè. Ìyá 151 àti ọmọ wọn ni wọ́n tẹ̀ lé fún oṣù mẹ́ta. Ìyá ni ìwádìí náà fún lóògùn. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ti ní ìṣòro ọkàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, 33 nínú 100 ni ara wọn yá níbi tí ara ìyá ti yá. Níbi tí ara ìyá kò ti yá, 12. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàrin oṣù mẹ́ta náà, àìsàn mú 17 nínú 100 lára àwọn tí ìyá wọn kò gbádùn. Lára àwọn tí ìyá wọn gbádùn, kò mú ẹnì kankan.